Bí A Ṣe Ń Bójú Tó Láàbù Àjọlò fún Àwọn Tó Ń Ṣèwádìí Nípa Ìríran

Ẹni tó bá ti gbé ilé ayálégbé rí ní Àgbowó mọ bí balùwẹ̀ àjọlò ṣe ń rí. Yàrá mẹ́wàá ló ń lò ó, gbogbo wọn ló fẹ́ kó mọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí páìpù bá dí, kálukú á wọlé, á tilẹ̀kùn. Láàbù àjọlò ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìbàdàn níbí ni mo ti ń bójú tó ọ̀kan, níbi tí àwọn dókítà ojú, àwọn optometrist (àwọn tó ń yẹ ojú wò tí wọ́n sì ń fúnni ní gíláàsì), àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD ti jọ ń lo ẹ̀rọ kan náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń kú ní láàbù, ogbó kọ́ ló pa wọ́n. Wọn ò lólúwa ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rọ.

1. Ẹ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹnì kan ṣoṣo ni o. Ìgbìmọ̀ ò lè gbé kọ́kọ́rọ́ sápò. Kó jẹ́ tẹkiníṣàn tàbí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí gan-an la tìtorí rẹ̀ gbà á. Ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é, torí ọjọ́ tó bá gboyè ló máa kó gbogbo ohun tó mọ̀ dání lọ. Òun ló máa ṣílẹ̀kùn, òun ló máa tì í, òun ló máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, òun ló máa pe ẹnjiníà, òun ló sì máa kọ́ àlejò níṣẹ́. Bí owó bá tó, ẹ wá ẹnì kejì tó máa mọ iṣẹ́ náà débi pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá lọ síbi ìsinmi, láàbù ò ní sinmi pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wá yan ìgbìmọ̀ kékeré, èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú àwọn tó ń lo láàbù, kí wọ́n máa pàdé lóṣù méjì méjì. Ẹ jẹ́ kí àgbà jẹ́ alága. Màá sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ títò sórí ìlà.

2. Ẹ ka èèyàn kí ẹ tó ka ẹ̀rọ

Ẹ lọ bá àwọn tó máa lò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀ lọ́dún yìí? Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Ibo lẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ẹni tó bá ní "a máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú," ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn. Bí a ṣe ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ọ̀nà mẹ́rin ni iṣẹ́ sì pín sí: yíya àwòrán ojú, ìyẹn OCT (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán inú ojú ní ìpele ìpele) àti kámẹ́rà tó ń ya ẹ̀yìn ojú, wíwọn iná tí rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ń mú jáde, ìyẹn ERG, gígé ẹran ara ojú fún maikirosikóòpù, àti ìdánwò ìríran lórí kọ̀ǹpútà. Ní Amẹ́ríkà, National Eye Institute, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ojú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ní owó ìrànwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní P30 fún irú láàbù àjọlò báyìí, apá kọ̀ọ̀kan láàbù bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní ẹni tó ń darí rẹ̀. Ẹ yá ìyẹn lò lọ́dọ̀ wọn, kò gba owó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Tiwa jẹ́ 230 volt, 50 Hz. Transformer á bá yín fa 230 wálẹ̀ sí 120, àmọ́ kò lè sọ 50 di 60, nítorí náà ẹ̀rọ tí mọ́tò inú rẹ̀ ń bá iná ògiri rìn máa rọra ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹ tó sọ pé ẹ ṣeun, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé software àti ìwé àṣẹ rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ṣé ìwé àtúnṣe rẹ̀ wà, ṣé wọ́n ṣì ń ta ohun èlò inú rẹ̀? Wọ́n fi ẹ̀rọ kan ta wá lọ́rẹ nígbà kan. A sanwó ọkọ̀ ojú omi, a sanwó èbúté, a ya fọ́tò. Ìgbà tí a tàn án ni a rí i pé password ẹni tó lò ó kẹ́yìn ló ń béèrè. Ọ́fíìsì ló wà báyìí, orí rẹ̀ là ń gbé fáìlì sí.

3. Iná

Ibí yìí ni kí ẹ fi owó yín sí. Ẹ pín gbogbo ohun tó ń lo iná sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ kú rárá: fírísà àti kọ̀ǹpútà tí àkójọ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ kú bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́: OCT, ERG, maikirosikóòpù. Èyí tó lè kú kó tún jí: AC ọ́fíìsì, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìńfátà, bátìrì àti sólà ni fún ti àkọ́kọ́, kí jẹnẹrétọ̀ dúró lẹ́yìn wọn. UPS gidi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní online, ni fún ti ìkejì. Ti ìkẹta, ẹ jẹ́ kó fara mọ́ ohun tó bá rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki kẹ́tùlù bọ UPS OCT. Mo ti rí i rí.

Iná tó ń padà bọ̀ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ju iná tó lọ. Ó máa ń dé tagbáratagbára, á tún lọ, á tún dé, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ra ohun kékeré tó máa ń dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jẹ́ kí iná wọ fírísà. Kì í ṣe gbogbo sitẹbiláísà ló lè ṣe iṣẹ́ yẹn, UPS náà ò sì lè ṣe iṣẹ́ sitẹbiláísà ní gbogbo ìgbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníná tó mọ iṣẹ́, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Iná tí fírísà -80 kan (èyí tó ń tutù dé 80 degree Celsius sísàlẹ̀ òdo) ń jẹ lójúmọ́ lè tó ti odindi ìdílé kan. Ọ̀pọ̀ láàbù ti gbé tiwọn sí -70, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò yingin, kọ̀ǹpúrésọ̀ sì ń rí ìsinmi. Fírísà tó kún máa ń pa òtútù mọ́ ju èyí tó ṣófo lọ, torí náà ẹ fi ike omi dí àyè tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má sì rọ omi náà kún dé ẹnu, kó má bàa ya. Ẹ lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: ta la máa pè, ta la máa pè tẹ̀ lé e, àpótí wo la máa kọ́kọ́ gbé.

Bébà yẹn ní ìtàn. Lásìkò Iléyá kan, álààmù fírísà ké láti ọ̀gànjọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá ọlọ́dẹ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Mo rò pé báyìí náà ló ṣe máa ń ké ni." Wọn ò jẹ̀bi. Ta ló sọ fún wọn? Ẹran ara ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọdún kan àtààbọ̀ kó jọ ló yọ́. Ní báyìí, bàbá ni ẹnì kejì lórí bébà náà, wọ́n mọ ohùn álààmù náà bí ẹni mọ ohùn ọmọ wọn, a sì ti fi ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù èèyàn méjì kún un.

Ọ̀rọ̀ iná kan ṣì kù, ti àwọn tó ń lo ERG ni. Iná tí rẹ́tínà ń mú jáde bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ sí i ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan microvolt lọ, ìdá mílíọ̀nù volt kan sì ni microvolt kan. Bí wáyà earth yín ò bá dára, iná ògiri á bo ohùn ojú mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tó ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá géérégé láàárín ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, 50 Hz ni, ti ògiri ni, kì í ṣe ti aláìsàn. Ẹ máa pa nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: AC, ṣájà fóònù, gílóòbù LED. Tiwa, abẹ́ ibùsùn tí aláìsàn ń sùn sí ni ẹni burúkú náà wà, àpótí extension kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ẹ ní kí oníná ri irin earth mọ́lẹ̀ fún yàrá yẹn nìkan, kó sì wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná bíi ti ilẹ̀ tó rin. Èyí tó bá yege ní oṣù keje lè má yege ní oṣù kejì.

4. Yàrá òkùnkùn àti yàrá kọ̀ǹpútà

Ìlànà tí ISCEV, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń wọn iná ojú, gbé kalẹ̀ fún ERG ni pé kí ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò jókòó sínú òkùnkùn fún ogún ìṣẹ́jú kí a tó ṣe apá ti òkùnkùn, kó sì wà nínú ìmọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó ṣe apá ti ìmọ́lẹ̀. Iná pupa tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ lẹ lè lò láti fi so wáyà mọ́ ọn, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ́tínà tó ń ríran lóru kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa. Ẹ fi téèpù dúdú bo gbogbo iná kéékèèké tó wà lára ẹ̀rọ. Fóònù kì í wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ ti ọ̀gá.

A ṣe gbogbo ìyẹn, a sì ṣì kùnà. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógún lọ́jọ́ kan, tí màmá àgbàlagbà kan tó wá láti Ìsẹ́yìn ti jókòó jẹ́ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí gbàràgàdà: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Màmá tó ń gbálẹ̀ ni, pẹ̀lú búrọ́ọ̀mù àti gbogbo oòrùn Ìbàdàn lẹ́yìn wọn. Ogún ìṣẹ́jú tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹnì kan fẹ́ jágbe mọ́ wọn, mo ní kó dákẹ́. Ọjọ́ kejì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi jókòó sínú yàrá náà. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ogún ìṣẹ́jú, wọ́n nawọ́, wọ́n ní, "Ìmọ́lẹ̀ kan ń wọlé níbẹ̀ yẹn. Òmíràn tún wà lókè AC." Òótọ́ ni. Èmi ò rí wọn rí, torí mi ò jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí a ṣe ń yẹ yàrá òkùnkùn wò nìyẹn: ẹ jókòó sínú rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó mú téèpù. Àti pé láti ọjọ́ náà, màmá fúnra wọn ló ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ti yàrá kọ̀ǹpútà ò pẹ́. Bí ojú bá jìn sí kọ̀ǹpútà ní 57 cm, ohun tó fẹ̀ tó 1 cm lójú kọ̀ǹpútà máa gba ìwọ̀n 1 degree nínú ojú. Ẹ fi téèpù sàmì 57 cm sílẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí èèyàn máa gbé àgbọ̀n lé dúró sójú kan, gbogbo ìṣirò á dẹrùn. Láti 0 dé 255 ni kọ̀ǹpútà ń ka ìmọ́lẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́ pé bí ẹ bá sọ pé 128 nínú 255, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló máa fún yín. Lórí ojú kọ̀ǹpútà tí gamma rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé nọ́ńbà tí ẹ fún un) jẹ́ 2.2, bíi ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún péré ló máa fún yín. Ẹ fi photometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má fọwọ́ kan bọ́tìnì tó ń mú un mọ́lẹ̀ sí i.

5. Gígé ẹran ara

Fọ́málínì àti paraformaldehyde ń ta ojú àti imú, wọ́n sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Abẹ́ fume hood, àpótí tó ń fa òórùn oògùn jáde síta, ni ká ti máa lò wọ́n, bí kò bá sì sí fume hood tó ń ṣiṣẹ́, kí apá yìí dúró ná. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ má fi ohun tó ṣọ̀wọ́n kọ́ ọ. Ẹ rán an lọ sọ́dọ̀ alápatà ní Bódìjà láàárọ̀ kùtù, kó ra ojú màlúù. Bó bá gé e, tó rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń dán bí ìyẹ́ ọ̀kín, ẹ bi í pé kí ló dé tí tèèyàn ò rí bẹ́ẹ̀. Tapetum ni, ìpele kan lẹ́yìn rẹ́tínà tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, àwa ò ní in. Ẹni tó bá ti ba ogún ojú màlúù jẹ́ ti ṣe tán láti gé ohun tó níye lórí.

6. Òjò àti ọyẹ́

Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin ni ọ̀tá lẹ́ńsì. Fungus á hù sínú rẹ̀, tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn, bó bá sì ti jẹ ojú dígí náà, nínù ò gbà á mọ́. Ẹ fi mítà wọn ọ̀rinrin yàrá, ẹ má jẹ́ kó ju 60% lọ. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin ló dára jù. Bí kò bá sí, àpótí tó dé dáadáa pẹ̀lú silica gel (èérún tó ń fa ọ̀rinrin), irú èyí tó ń yí àwọ̀ padà, kí ẹ sì máa yan án lórí iná bó bá ti yí. Ẹ má tọ́jú lẹ́ńsì sínú àpò aláwọ tó bá a wá, inú ibẹ̀ gan-an ni fungus fẹ́ràn.

Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ni. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ kúrò kí ẹ tó nu ún, torí eruku yẹn ń ha dígí. Aṣọ àwọ̀sùn ò ṣe é fi nu lẹ́ńsì, bó ti wù kó rọ̀ tó.

7. Kíkọ́ṣẹ́ àti títò sórí ìlà

Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá lo ẹ̀rọ kí ó tó wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó ṣe é lójú tẹkiníṣàn lẹ́ẹ̀mejì, kí tẹkiníṣàn sì fọwọ́ sí i. Orúkọ àwọn tó yege máa wà lára ògiri. Kàlẹ́ńdà orí Google ti tó fún títò sórí ìlà. Ìlànà wa ò pọ̀: ẹnì kan ò lè gbà ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀ ṣáájú, ẹni tó bá pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ti pàdánù àyè rẹ̀, ẹni tí kò bá wá tí kò sì sọ, á sanwó rẹ̀.

Ìlànà rọrùn láti kọ. Àmọ́ kí lẹ máa ṣe nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ tẹkiníṣàn yín ní yunifásítì bá wọlé, tí wọ́n ní, "Ọmọ mi, wákàtí kan péré, àwọn aláìsàn mi ti wà níta"? Ọmọ ò lè wo ojú wọn kó ní rárá. Kò sì yẹ kí ẹ fi í sípò tó ti máa sọ ọ́. Ohun tí a kọ́ ọ láti sọ ni: "Ẹ má bínú sà, kàlẹ́ńdà ni kò jẹ́ kí n lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pe alága." Alága wá jẹ́ ẹni tí òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n náà jọ lọ́jọ́ lórí, tó lè fi àwàdà yanjú ẹ̀ lórí fóònù. Láti ìgbà tí a ti ṣe é bẹ́ẹ̀, a ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà, ìlà náà sì ń lọ.

8. Owó

Láàbù ọ̀fẹ́ kì í pẹ́. Ẹ ṣírò ohun tí ẹ̀rọ kan máa ná yín lọ́dún: àtúnṣe, epo, ohun èlò tó ń tán, owó díẹ̀ fún tẹkiníṣàn. Ká ní ó jẹ́ 2,400,000 náírà. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé a máa fi wákàtí tí láàbù ń ṣí pín in. Wákàtí 2,000 lọ́dún, ó di 1,200 náírà fún wákàtí kan, inú gbogbo èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ìwé, wákàtí 600 ni wọ́n lò ó ní tòótọ́. 4,000 náírà ni owó rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa san ìyókù sílẹ̀ kí ẹ tó dín in. Ẹ gba owó sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́, kí ẹ sì já rísíìtì fún ọgọ́rùn-ún náírà pàápàá.

9. Àkójọ iṣẹ́ àti àwọn aláìsàn

Flash ò gbọ́dọ̀ wọ kọ̀ǹpútà OCT. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ti ilé ìtẹ̀wé kan wá bá wa lálejò lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wẹ̀ ẹ́ nù. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan tí àwòrán máa ń lọ, ibẹ̀ ni kí kálukú ti kó tirẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn.

Nọ́ńbà ni kó wà lórí àwòrán, kì í ṣe orúkọ aláìsàn. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ń ṣọ́ ọ, ojú àánú náà ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí kò bá ní lẹ́tà ìgbìmọ̀ ethics (àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò pa ẹnikẹ́ni lára) lọ́wọ́ kì í gba àyè lórí kàlẹ́ńdà. Ìgbìmọ̀ UI/UCH (ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn UCH) ló sì ń rí sí i fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Fún iṣẹ́ ẹranko, ARVO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ojú, ní ìlànà tiwọn nípa bí a ṣe ń lo ẹranko nínú ìwádìí ojú, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kó wà lórí tábìlì.

10. Ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́rin

Tẹkiníṣàn á rìn yí láàbù ká pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ìwọ̀n fírísà. Ìwọ̀n ọ̀rinrin. Àwọ̀ silica gel. Omi bátìrì, bí bátìrì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń mu omi. Epo jẹnẹrétọ̀. Kí ó tan jẹnẹrétọ̀ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí iná bá tilẹ̀ wà. Kí ó tẹ bọ́tìnì álààmù kó ké, kí bàbá ọlọ́dẹ fi ohùn dáhùn láti ẹnu géètì pé àwọn gbọ́. Lẹ́yìn náà kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé, kó ti ilẹ̀kùn, kó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé.